Owó tí a So Mọ́ Iye Ọjà, àti Ẹrù tí ó Gbé ka Àpò Ìjọba

Ní ọdún 1707, ìwé kékeré kan jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù láìsí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé William Fleetwood ni ó kọ ọ́, àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù St. Asaph ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, tí ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Ely ní 1714. Ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn ni ó mú un kọ ìwé náà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí a dá sílẹ̀ láàárín 1440 sí 1460. Òfin rẹ̀ ni pé ọ̀mọ̀wé tí ó bá ní ohun-ìní tí ń mú pọ́n-ùn 5 wọlé fún un lọ́dọọdún kò gbọdọ̀ jókòó nídìí oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́. Kí ó dìde, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Olúkúlùkù wọn ni ó sì ń búra láti pa òfin yìí mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ayé Fleetwood, pọ́n-ùn 5 kò tó nǹkan mọ́. Ǹjẹ́ ẹni tí ó ní pọ́n-ùn 6 lè jókòó síbẹ̀ kí ó má sì ṣẹ̀ sí ìbúra rẹ̀?

Fleetwood kò fi àròyé lásán dáhùn. Ó tú àwọn ìwé ìṣirò àtijọ́ wò, ó sì kó iye tí a ń ta àlìkámà, ẹran, ọtí àti aṣọ jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ó wá wí pé ohun tí pọ́n-ùn 5 lè rà ní ìgbà Ọba Henry Kẹfà, pọ́n-ùn 28 tàbí 30 ni yóò rà á ní ìgbà tirẹ̀. Nítorí náà, olówó pọ́n-ùn 6 lè búra láìbẹ̀rù. Nítorí oúnjẹ àti aṣọ tí pọ́n-ùn 5 lè rà ni olùdásílẹ̀ náà fi ka ènìyàn sí ẹni tí ó tó jẹun.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé òun ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí a ó sọ. Bí a bá ṣe ìlérí owó fún ènìyàn, ṣé òǹkà owó náà ni a jẹ ẹ́, tàbí ohun tí owó náà lè rà? Láàárín ẹni méjì, ẹ̀rí-ọkàn lè dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba bá ti ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ-ogun, àwọn akọ̀wé, àti àwọn arúgbó tí ó ti fẹ̀yìn tì, akápò ìjọba ni ìdájọ́ náà yóò kàn lórí.

Àwọn baba wa kò ṣe àjèjì sí ọ̀ràn owó tí ń rọ. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò Jámánì láti ìlú Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí kó owó ẹyọ láti agbègbè Zanzibar wá sí Èkó àti sí àwọn èbúté mìíràn ní etí-òkun wa. Ẹyọ erékùṣù Maldive, èyí tí a ti ń ná láti ìgbà pípẹ́, kéré, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ti Zanzibar tóbi, ó sì pọ̀ jọjọ. Ẹni tí ó yá ẹnìkejì rẹ̀ ní ọ̀kẹ́ kan, èyí ni 20,000 ẹyọ, kí owó tuntun náà tó kún ọjà, tí a sì san án padà fún un ní ọ̀kẹ́ kan lẹ́yìn ogún ọdún, ó gba òǹkà rẹ̀ pé, kò sí ẹyọ kan tí ó dín. Síbẹ̀ ohun tí ó lè gbé bọ̀ láti ọjà kò tó ti àtijọ́.

Àwọn tí wọ́n gbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá ọ̀nà àtiyọ kúrò nínú èyí kí a tó bí Fleetwood. Ní 1576, ní ìgbà Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, a ṣe òfin kan fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Oxford àti Cambridge, àti ti Winchester àti Eton, pé nígbà tí wọ́n bá fi ilẹ̀ wọn yáni, kí a máa gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó ilẹ̀ náà ní ọkà, tàbí ní iye tí ọkà bá ń lọ lọ́jà ní àsìkò náà. Sir Thomas Smith ni a sọ pé ó pète rẹ̀. Ní igba ọdún lẹ́yìn náà, Adam Smith kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1776 pé ìdá kan náà tí a so mọ́ ọkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìdá méjì yòókù tí a fi sílẹ̀ ní owó lásán. Èyí dára púpọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Àgbẹ̀ tí ó yá ilẹ̀ náà kò sì rí ìpalára ńlá nínú rẹ̀, nítorí pé ọkà ni òun náà ń tà. Nígbà tí ọkà bá wọ́n, owó ti wọ ọwọ́ rẹ̀ kí a tó bèèrè rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń san irú owó bẹ́ẹ̀ ni orísun rẹ̀ ń ga bí ẹrù rẹ̀ ti ń ga.

Ìjọba tí ó kọ́kọ́ ṣe nǹkan yìí ní gbangba ni ti Massachusetts ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń bá Ọba Gẹ̀ẹ́sì jagun fún òmìnira. Wọ́n ti tẹ owó ìwé jáde láti fi bọ́ ogun náà, títí ó fi rọ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí iná rà. Àwọn ọmọ-ogun rí i pé owó tí a ṣèlérí fún wọn nígbà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ kò lè bọ́ ìdílé wọn mọ́, wọ́n sì ń kùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1780, ìjọba náà kọ ìwé gbèsè fún wọn, tí a kọ ọ̀nà ìṣirò sí ojú rẹ̀ gan-an. Wọ́n mú búṣẹ́ẹ̀lì àgbàdo 5, ẹran màlúù tí ó wọn ìwọ̀n pọ́n-ùn 68 àti ìdá mẹ́rin nínú méje, irun àgùntàn ìwọ̀n pọ́n-ùn 10, àti awọ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ìwọ̀n pọ́n-ùn 16. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé pọ́n-ùn owó 130 ni a ó fi ra ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ní àsìkò náà, èyí tí í ṣe ìlọ́po méjìlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ iye tí òfin ìlú fi lélẹ̀ fún wọn ní 1777. Bí ọjọ́ àtisan bá dé, tí ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ju 130 lọ tàbí tí wọ́n bá dín sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó ọmọ-ogun yóò ṣe pọ̀ tàbí kí ó dín.

Ẹ wo bí wọ́n ti yan ẹrù náà: oúnjẹ, ẹran, aṣọ, bàtà. Ẹni tí ó bá ní mẹ́rin wọ̀nyí ní ilẹ̀ òtútù kò ní kú. Ìlérí ọlọ́lá ni, èmi kò sì mọ ìjọba ayé ìgbà náà tí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tí ó jà fún un. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, a sì gbọ́dọ̀ san gbèsè. Lẹ́yìn ogun, Massachusetts pinnu láti san gbèsè ogun rẹ̀ láìfòru-gbọ̀nà, ó sì di owó-orí wíwúwo lé àwọn ará-ìlú lórí. Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà kò rí owó náà san. A gba ẹran-ọ̀sìn wọn, a sì ju àwọn mìíràn sí ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè. Ní 1786 wọ́n dìde, wọ́n ti ilé-ẹjọ́ pa. Daniel Shays tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀tẹ̀ náà, òun pàápàá ti jẹ́ ọ̀gágun nínú ogun òmìnira. Ohun tí a gbé kúrò ní èjìká ọmọ-ogun ti bọ́ sí èjìká àgbẹ̀, nígbà mìíràn ó sì jẹ́ ènìyàn kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà wà lójú kan. Ọjà ni kò dúró. Ọkọ̀ òkun kò rí àyè kó ẹrù wá bí ti àtẹ̀yìnwá. Iyọ̀ àti aṣọ wọ́n, àwọn ohun tí a ń gbìn níhìn-ín pàápàá sì ń tẹ̀lé wọn gòkè. Ní oṣù September 1941, àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè, tí Michael Imoudu ṣáájú wọn, tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ bá Gómìnà, Sir Bernard Bourdillon. A yan ìgbìmọ̀ láti wádìí bí ọjà ti gòkè tó, ní 1942 ìjọba sì fi àfikún kan sí owó iṣẹ́, tí a kà láti oṣù October 1941. COLA ni gbogbo ènìyàn ń pe àfikún yìí, láti inú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Kò sí òfin nínú COLA yìí tí ó wí pé, bí ọjà bá fi èyí gòkè, kí owó fi èyí tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí ti ìwé Massachusetts. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà pé a ti ṣèlérí fún wọn pé a ó máa tún un yẹ̀ wò bí ọ̀wọ́ngógó bá ń pọ̀ sí i. Akápò ní tirẹ̀ kà á sí àfikún kan ṣoṣo tí ó ti parí. Ọdún mẹ́ta ni èdè-àìyedè yìí fi wà nílẹ̀. Ní 1943 a mú Imoudu kúrò ní Èkó, a sì há a mọ́ títí di 1945.

Ní àárín àkókò náà, ìjọba gbìyànjú láti di ọjà fúnra rẹ̀ mú. Wọ́n fi Captain Pullen ṣe alábòójútó oúnjẹ Èkó, wọ́n sì ń kéde iye tí a gbọ́dọ̀ máa ta gàárì àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Àwọn obìnrin ọjà kọ̀ ọ́, Alimotu Pelewura, olórí wọn ní ọjà Ẹrẹ́kọ̀, ni ó sì léwájú. Ohun tí a kò lè rí rà ní iye ìjọba wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní iye mìíràn. Ìgbà tí ó fi di 1945, ètò náà ti tú. Ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ronú àtiso owó mọ́ iye ọjà dúró níhìn-ín díẹ̀. Iye ọjà wo? Èyí tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ni, tàbí èyí tí ìyá kan san kí ọmọ rẹ̀ tó jẹun alẹ́? Ìjọba ni ó jẹ gbèsè, ìjọba kan náà ni ó sì di òṣùwọ̀n mú.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bèèrè pé kí a fi ìdajì kún COLA, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ tí ó kéré jù sì jẹ́ ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 6, èsì ìjọba ni pé ẹrù kò sí lọ́jà. Bí a bá sì fi owó kún owó nígbà tí ẹrù kò sí, ọjà ni yóò kàn tún gòkè. Èmi kò ní sọ pé irọ́ ni èsì náà. Nígbà ọ̀dá, owó kì í rọ òjò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa mọ̀ pé bí ẹrù bá kéré, ẹni tí owó rẹ̀ kò gòkè ni a ó yọ kúrò nínú pínpín rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 21 oṣù June 1945, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 17, tí ènìyàn inú wọn ju 30,000 lọ, bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ó ju oṣù kan lọ kí ọkọ̀ ojú irin tó tún máa rìn bí ó ti yẹ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀ wí ní 1946 pé kí a fi 50 nínú 100 kún COLA, kí a sì kà á láti oṣù August 1945.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pé àpò tí ó sọ pé òun kò ní, ó san án nígbẹ̀yìn, ó sì san án pẹ̀lú owó ẹ̀yìn. Àwa tí a ti bójú tó owó ìjọ rí mọ ohun tí owó ẹ̀yìn ń ṣe sí ìṣirò ọdún: kì í bọ̀wọ̀ fún ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ní oṣù kìíní.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba ọ̀nà kejì, ó sì dára kí a rí ibi tí ó gbé wọn dé. Ní 1935 ni a ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba owó oṣooṣù nínú rẹ̀, ní January 1940, ni Ida May Fuller ti ìpínlẹ̀ Vermont. Dọ́là 22 àti sẹ́ǹtì 54 ni. Iye yìí kan náà ni ó ń gbà títí di 1950. Láàárín ọdún mẹ́wàá náà, ọjà ti fi ohun tí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta gòkè. Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bù kún un ní 1950, wọ́n sì ń bù kún un láti ìgbà dé ìgbà lẹ́yìn náà, pàápàá nígbà tí ìdìbò bá súnmọ́.

Ní July 1972, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin kan tí ó fi 20 nínú 100 kún owó náà, tí ó sì pàṣẹ pé láti 1975 kí ó máa gòkè fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ọjà bá ti wí. Ẹ má ṣe rò pé àwọn onínàákúnàá nìkan ni ó fẹ́ èyí. Àwọn tí ń ṣọ́ àpò ìjọba wà lára wọn. Wọ́n ní bí a bá fi òṣùwọ̀n sí i, àwọn aṣòfin kò ní lè máa fi owó àwọn arúgbó ra ìbò mọ́.

Àṣìṣe kan wà nínú ìṣirò náà. Owó iṣẹ́ ẹni tí kò ì tíì fẹ̀yìn tì a máa gòkè nígbà ọ̀wọ́ngógó, ìfẹ̀yìntì rẹ̀ a sì ti ara èyí gòkè. Lórí èyí, òfin náà tún gbé ìdá tí a ó fi ṣírò rẹ̀ ga. Ọ̀wọ́ngógó kan, èrè méjì. Bí ọjà bá rọ̀, ènìyàn kò ní kíyèsí i. Ṣùgbọ́n ọjà kò rọ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n rí i pé bí ó bá ń lọ báyìí, àkókò ń bọ̀ tí owó ìfẹ̀yìntì ẹlòmíràn yóò ju owó tí ó ń gbà nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1977 wọ́n tún un ṣe, àwọn tí a bí láàárín 1917 sí 1921 sì ń ráhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn gba jù wọ́n lọ. Àfikún ọdún 1975 jẹ́ 8 nínú 100. Ti 1980 jẹ́ 14.3. Owó iṣẹ́ kò gòkè tó bẹ́ẹ̀, láti ara owó iṣẹ́ sì ni a ti ń rí owó fún ìfẹ̀yìntì. Ẹ rántí àgbẹ̀ tí ó ń tà ọkà: níhìn-ín, ẹni tí ń san kò rí kí orísun rẹ̀ ga bí ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ó di 1983, àpò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, wọ́n sì sún àkókò àfikún ọdọọdún síwájú ní oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà péré. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ń gbà á jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye, owó ńlá ni.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú èyí ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dìde nínú Ìgbìmọ̀ láti wí pé, ẹ jẹ́ kí a ná owó yìí. A ka òṣùwọ̀n, owó sì jáde. Owó-orí pẹ̀lú ti ń gòkè ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fi kún owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ó lè bá ọjà dọ́gba, kò lọ́rọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ a ti tì í sókè sí ipò àwọn tí ń san owó-orí tí ó wúwo jù. Òfin 1981 ni ó so àwọn ipò wọ̀nyí pẹ̀lú mọ́ òṣùwọ̀n ọjà, láti 1985. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà kan tí ọ̀wọ́ngógó ń gbà bù kún àpò ìjọba ti dí, nígbà tí ọ̀nà tí ó ń gbà bù ú kù ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àríyànjiyàn wá bọ́ sórí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ní December 1996, ìgbìmọ̀ tí Michael Boskin jẹ́ alága rẹ̀ wí pé òṣùwọ̀n náà ń ka ọjà ju bí ó ti rí lọ ní 1.1 nínú 100 lọ́dọọdún. Nígbà tí ẹran màlúù bá wọ́n, wọ́n ní, ìyàwó ilé a máa ra adìyẹ. Òṣùwọ̀n kò tètè rí adìyẹ náà. Àwọn arúgbó dáhùn pé ohun tí òṣìṣẹ́ ń rà ni a fi ń wọn tiwọn, nígbà tí ó jẹ́ pé oògùn àti oníṣègùn ni ó ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Èmi rò pé ìhà méjèèjì ní òtítọ́ nínú. Ní 2010, ní 2011 àti ní 2016, òṣùwọ̀n kò fi nǹkan kan kún owó náà. Ní 2023 ó fi 8.7 nínú 100 kún un.

Ní tiwa, a kò tíì gba ọ̀nà yìí rí. Ọ̀nà 1945 ni a ń tọ̀: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ọdún púpọ̀, lẹ́yìn náà ìjì. Ìgbìmọ̀ Jerome Udoji ní 1974 gbé owó iṣẹ́ sókè gidigidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975 a san owó ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ rẹ̀ sì di ọ̀rọ̀ tí a ń pe owó ńlá òjijì. Owó epo rọ̀bì ni ó jẹ́ kí àpò gbà á. Ní ọdún náà ọjà fi ohun tí ó ju 30 nínú 100 gòkè, kò sì pẹ́ tí ohun tí òṣìṣẹ́ gbà fi padà sí ọwọ́ ọjà. Àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí Udoji kò kàn, san owó ọjà tuntun náà pẹ̀lú.

Òfin-ìpìlẹ̀ 1999, ní ìpín rẹ̀ 173, wí pé kí a máa tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí a bá tún owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe, èyíkéyìí tí ó bá ṣáájú. Kò dárúkọ òṣùwọ̀n kankan. Ọdún márùn-ún kì í ṣe nǹkan nígbà tí ọjà bá dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n a fi owó iṣẹ́ tí ó kéré jù sí ₦30,000 ní 2019, nígbà tí ó sì fi di òpin 2024 ọjà ń fi ohun tí ó ju 34 nínú 100 gòkè láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ní July 2024 ni òfin tuntun gbé e dé ₦70,000. Òfin kan náà gé àkókò àtúnyẹ̀wò láti ọdún márùn-ún sí mẹ́ta, ó sì kan ìjọba ìpínlẹ̀ gbogbo, èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ àti èyí tí ń dúró de ìpín oṣooṣù láti Àbújá kí ó tó lè san owó àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta náà yóò pé ní 2027. Kí ó tó pé, akápò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò ọdún mẹ́ta láti ṣe, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yóò máa ya díẹ̀díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún, tàbí yóò dúró de owó ẹ̀yìn.